Ọ̀rọ̀ Nípa Etí Àwọn Tí Ń Fi Ẹ̀rọ Ṣiṣẹ́

Gbogbo ènìyàn ní etíkun Àgbádárìgì ni ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lè gé ènìyàn ní ìka. Nítorí èyí, ìyá tí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ lọ ata yóò kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe na ọwọ́ sí bẹ́líìtì. Ọ̀gá tí ń jó irin yóò sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó ṣọ́ ojú rẹ̀ nítorí iná. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún ọmọ náà pé ẹ̀rọ kan náà lè gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka tí a gé ń ṣẹ̀jẹ̀, gbogbo ojú sì ń rí i. Etí tí ó ń kú kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í wú, bẹ́ẹ̀ ni kì í dun ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyí tí a fi ń gbójú fò ó dá. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àìbìkítà yìí kò tọ́, pé a lè dá ìpalára náà dúró, àti pé ọrùn ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ẹrù náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà, kì í ṣe ọrùn ọmọṣẹ́.

Ní ayé àtijọ́, ariwo tí ó pọ̀ jù ní agbègbè yìí ni ti òkun tí ń fọ́ sí etí iyanrìn ní Gbẹ̀rẹ̀fù, ìró odó ní òwúrọ̀, àti ìró òòlù alágbẹ̀dẹ. Nínú gbogbo wọn, alágbẹ̀dẹ nìkan ni etí rẹ̀ wà nínú ewu. Ní òde òní, ẹ̀rọ ti gba ipò odó àti ọlọ. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo àti gbáàgúdá, ẹ̀rọ ni à ń gbé wọn lọ. Àgbọn tí ó kún etíkun yìí, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rin ín kí wọ́n tó fún òróró rẹ̀. Àwọn tí ń la pákó wà, àwọn tí ń lọ irin wà, àwọn tí ń tẹ búlọ́ọ̀kù wà. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ tí à ń fi àjẹ̀ àti ọ̀pá wà tẹ́lẹ̀ ti gba ẹ̀rọ sí ìdí, awakọ̀ sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ojú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí a kò fi ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti ẹnìkan mọ́.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ burú. Ẹ̀rọ ni ó gba ọmọbìnrin lọ́wọ́ odó, tí ó fi rí àkókò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ ni ó jẹ́ kí opó tí ó ní àpò gbáàgúdá mẹ́ta lè yan gàrí rẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí ìdí ọlọ kò ro ti àwọn obìnrin rárá. Ṣùgbọ́n ohun rere tí ewu wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n ni a fi ń lò ó. Iná ń se oúnjẹ, iná sì ń jó ilé. A kò tìtorí èyí pa iná àdáná, bẹ́ẹ̀ ni a kò dá a sí abẹ́ òrùlé koríko.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé olúkúlùkù, ó yẹ kí a mọ bí etí ti rí. Èyí tí à ń rí lóde kì í ṣe etí gan-an. Ẹnu ọ̀nà ni. Ìró a máa gba ihò etí wọlé, á sì lu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó le bí awọ ìlù. Lẹ́yìn awọ yìí ni eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà, àwọn ni ó kéré jù lọ nínú gbogbo eegun ara. Wọ́n á gbé ìró náà lọ sínú ibi kan tí ó lọ́ bí ìkarawun ìgbín, tí omi sì kún inú rẹ̀. Nínú ìkarawun yìí ni ohun tí ń gbọ́ràn gan-an wà: àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ onírun, tí ojú lásán kò lè rí, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bí ọmọ. Bí omi náà bá mì, irun wọ̀nyí á mì, iṣan á sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọpọlọ. Nígbà náà ni ènìyàn tó mọ̀ pé a ń pe òun.

Ariwo líle a máa tẹ irun wọ̀nyí mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ koríko. Bí ènìyàn kan bá kọjá lórí koríko lẹ́ẹ̀kan, yóò dìde padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tọ ojú kan náà lójoojúmọ́, ibẹ̀ á di ọ̀nà, koríko kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Irun orí tí a fá ń hù padà, èékánná tí a gé ń hù padà, ti inú etí kì í hù mọ́ láéláé. Kò sí àgbo, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí iṣẹ́ abẹ tí a mọ̀ títí di òní tí ó lè dá a padà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí àwọn dókítà ń fi sí etí lè gbé ohùn sókè fún ẹni tí ìgbọ́ràn rẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ etí tí ó bàjẹ́ di tuntun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ a máa wí pé, “Etí á mọ́ ọn lára.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀rọ á máa fi ọwọ́ bo etí, orí á máa fọ́ ọ. Bí ó bá sì dé ilé ní alẹ́, etí rẹ̀ á máa hó bí ẹni pé kòkòrò ni ń ké nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kò ní sọ ohunkóhun mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ á wí pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé etí kì í yi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ti ń yi nídìí ọkọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ń nípọn sí i ni. Etí ń kú ni. Kì í ṣe pé ọmọ náà ti lágbára ju ariwo lọ, ohun tí ó fi ń gbọ́ ariwo náà ni ó ń tán lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Báwo ni a ṣe lè mọ ariwo tí ó ti pọ̀ jù? Àwọn onímọ̀ ń fi ìwọ̀n kan tí à ń pè ní dẹ́síbẹ̀lì wọn ìró. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàrin ènìyàn méjì jẹ́ nǹkan bí 60. Bí ariwo ibi iṣẹ́ bá dé 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn lò níbẹ̀ mọ, láìfi nǹkan bo etí. Ìwọ̀n yìí kò rí bí ìwọ̀n aṣọ tàbí ti iṣu, nítorí bí a bá fi 3 péré kún un, agbára ìró tí ń wọ etí ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fara dà á sì gbọ́dọ̀ di ìdajì. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ 88, wákàtí 4 ni. Bí ó bá jẹ́ 91, wákàtí 2. Bí ó bá jẹ́ 94, wákàtí 1. Bí ó bá sì dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹni tí kò ní ohun èlò ìwọ̀n lè fi ẹnu ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ènìyàn méjì bá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ara wọn, tí wọn kò sì lè gbọ́ ara wọn àfi bí wọ́n bá pariwo, ariwo ibẹ̀ ti tó èyí tí ń ba etí jẹ́. Bí etí bá sì ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń dún bí ẹni pé òwú wà nínú etí, ìkìlọ̀ ni ara ń ṣe. Ẹni tí ó bá ń jẹun ní ojú ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kò nílò ìwé láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Àrékérekè wà nínú ọ̀nà tí ariwo ń gbà ba etí jẹ́. Kì í gba gbogbo ìró lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró tín-ín-rín tí ó ga ni ó kọ́kọ́ ń gbà. Ìró tí ó wúwo tí ó sì wà nísàlẹ̀ á ṣẹ́kù. Nínú èdè Yorùbá, àti nínú èdè Ògù tí à ń sọ ní Àgbádárìgì, ohùn tí ń lọ sókè àti èyí tí ń bọ̀ nísàlẹ̀ wà nínú èyí tí ń ṣẹ́kù. Ìró s, ṣ, f, t àti k wà nínú àwọn tí ó tètè ń lọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí etí rẹ̀ ń kú ń gbọ́ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ìlù dùndún: ó ń gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ oríkì tí onílù ń lù lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa méfò. Bí awakọ̀ ojú omi bá sọ fún ọmọ ọkọ̀ pé, “Fà á!”, ọmọ náà lè gbọ́ “Kà á!” tàbí “Tà á!”, nítorí ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Yóò sì dá a lójú pé òun gbọ́, nítorí ó gbọ́ nǹkan lóòótọ́. Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń wí pé, “Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ kò la ẹnu.”

Àdánù èyí kì í mọ sí ilé iṣẹ́. Ìyàwó á rò pé ọkọ òun ń gbéraga, nítorí ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kò dáhùn. Oníbàárà á rò pé alọta ń fojú tín-ín-rín òun, á sì gbé abọ́ ata rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ìpàdé ẹbí, àgbàlagbà tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á kọ́kọ́ máa bi wọ́n léèrè. Nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á dákẹ́. Nígbà tí ó bá yá, kò ní wá mọ́. Ọmọdé ní ohùn tín-ín-rín, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ mọ́ ìyá àgbà tí ó ti fi ogún ọdún lọ ata létí. Ewu ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ kò yẹ ní ẹni tí ń sọdá ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ẹrù lórí. Awakọ̀ tí kò gbọ́ igbe ẹni tí ó ṣubú sínú ọ̀sà kò lè yí ọkọ̀ padà ní àsìkò.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ìmọ̀ àná. Dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, èyí tí a tún tẹ̀ jáde ní 1713, pé àwọn tí ń lu bàbà ní ìlú Venice a máa di adití nítorí ìró òòlù tí kì í dá. Ní 1886, dókítà etí kan ní Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, Thomas Barr, yẹ etí 100 ọkùnrin wò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kan àgbá irin ńlá tí à ń hó omi nínú rẹ̀ fún ẹ̀rọ olóoru. Ó fi ìró aago àpò dán etí wọn wò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáradára mọ́ ní ibi tí ènìyàn pọ̀ sí. Irú iṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọkọ̀ ojú irin, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí a fi kọ́ ilé àtúnṣe rẹ̀ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Láti 1713 títí di òní, ó ti lé ní 300 ọdún. Ìmọ̀ ti wà tipẹ́. Ìṣe ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín pàápàá, ẹ̀rí wà. Àwọn dókítà láti Ìlọrin yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin kan wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2005 àti 2006. Wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ó mọ̀ pé ariwo ń ba etí jẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ní ohun tí wọ́n lè fi bo etí. Ó yẹ kí a ronú sí èyí gidigidi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti la òṣìṣẹ́ lóye, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òye kò lè bo etí. Ẹni tí ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀, tí kò sì ní ilé, òjò yóò pa á pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀.

Òfin kò sùn pátápátá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 fi ìlera àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́ lé olówó iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí ìwọ̀n ariwo. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 ka etí tí iṣẹ́ bà jẹ́ mọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ lè gba owó lé lórí; agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó náà, ó kéré tán náírà 1 nínú 100 náírà owó oṣù tí ó ń san, sínú àpò tí àjọ NSITF ń tọ́jú. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASEPA ń rí sí ẹjọ́ ariwo láàrin ìlú. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àti akọ̀wé ni òfin wọ̀nyí bá mu jù. Nínú ìsọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ kan àti ọmọṣẹ́ méjì, owó oṣù ta ni a ó yọ náírà 1 nínú 100 kúrò nínú rẹ̀? Ọmọṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Òun gan-an ni òbí rẹ̀ san owó kí ó tó wọlé. Bí etí rẹ̀ bá bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé irú ìsọ̀ wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù ní etíkun yìí. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kò bá ṣe òfin fún ara wọn, kò sí òfin mìíràn tí yóò tètè kan ọmọ náà lára.

Àwọn ọ̀gá kan yóò wí pé, bí òṣìṣẹ́ bá di etí, kò ní gbọ́ oníbàárà, kò sì ní gbọ́ bí ẹ̀rọ bá ń ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ohun ìdí etí tí ó dára kì í pa ìró rẹ́. Ó ń dín in kù ni. Ó ń dín ariwo ẹ̀rọ kù, ó sì ń dín ohùn ènìyàn kù bákan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí etí rẹ̀ ṣì dára máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ bí ó ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn dáradára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí etí rẹ̀ ti bàjẹ́, lóòótọ́, ó lè ṣòro. Èyí gan-an ni ìdí tí ó fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí etí ṣì dára. Ní ti ẹ̀rọ, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn mìíràn yóò wí pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n ohun rírọ̀ tí à ń ká sínú etí kò tó owó epo tí ẹ̀rọ ìlọta ń mu ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá lè ra epo fún ẹ̀rọ lè ra ìdí etí fún ènìyàn.

Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò rò pé bí àwọn bá ti ra ìdí etí fún ọmọṣẹ́, ọwọ́ àwọn ti mọ́. Èyí náà kò tọ́. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ó sì ra agboòrùn fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa ṣí i nínú ilé, kò tí ì ṣe ojúṣe bàbá. Òrùlé ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ètò tí ó yẹ kí olúwa ẹ̀rọ tẹ̀ lé nìyí:

1. Kí ó kọ́kọ́ mú ariwo kù lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kí a di àwọn bóòtù tí ó tú, kí a fi òróró sí ibi tí ó ń ha, kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì tí ó ti gbó. Kí sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ má ṣe já, kí ó má sì lu. Níbi tí iná mànàmáná bá ṣeé gbára lé, ẹ̀rọ tí ń lo iná kì í pariwo tó ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì.

2. Kí ẹ̀rọ jìnnà sí ènìyàn. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn ògiri níta, kì í ṣe nínú ìsọ̀. Èéfín rẹ̀ pàápàá tó láti pa ènìyàn. Ní gbangba, bí a bá sọ ibi tí a jìnnà sí ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bí 6 dín kù nínú ìwọ̀n tí a dárúkọ lókè. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀, pàápàá ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

3. Kí a dín àkókò kù. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ méjì, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Bí kò bá sí oníbàárà, kí a pa ẹ̀rọ. Kí etí sì sinmi ní alẹ́. Ẹni tí ó lọ ata láti àárọ̀ tí ó sì lọ jókòó sí ẹnu gbohùngbohùn ní òde ijó, kò fún etí rẹ̀ ní ìsinmi rárá.

4. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí a bo etí. Irú kan wà tí ó dàbí ife méjì, tí a dè pọ̀ lórí. Òun ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ń bọ́ ọ tí ó tún ń gbé e wọ̀. Irú kejì ni èyí rírọ̀ tí à ń fi ìka ká títí yóò fi tín-ín-rín. A ó fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, a ó tì í wọlé, a ó sì dì í mú títí yóò fi wú kún ihò etí. Kí ọwọ́ mọ́ kí a tó fi kàn án. Ẹni tí ó lọ ata kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ata ṣe é.

5. Òwú lásán kò tó, àkísà kò tó, ìka kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da epo tàbí òróró gbígbóná sí etí, kí a má sì fi igi ìṣáná tàbí ìyẹ́ adìyẹ wa etí.

6. Kí a yẹ etí wò. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó tí kò dá, tàbí tí ó ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n lè darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ dókítà etí. Àwọn dókítà etí wà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà àti ní Ìkẹjà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ọmọṣẹ́. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n a máa jókòó, wọ́n a máa kọ ìwé àdéhùn. A ó kọ iye ọdún, a ó kọ iye owó, a ó kọ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ ṣe, a ó sì fi orúkọ ẹlẹ́rìí sí i. Ó yẹ kí ìlà kan wà nínú ìwé náà tí ó sọ ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe fún ara ọmọ: pé yóò fún un ní ohun tí yóò fi bo etí, pé yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá gbó, àti pé òun fúnra rẹ̀ yóò máa lo tirẹ̀ níwájú ọmọ náà. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó wúwo jù. Ọmọṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ọ̀gá wí, ohun tí ọ̀gá ń ṣe ni ó ń ṣe. Ọ̀gá tí kò bo etí rẹ̀ ti kọ́ ọmọ náà pé ojo ni ẹni tí ń bo etí.

Ẹgbẹ́ àwọn alọta, ti àwọn tí ń la pákó, ti àwọn tí ń jó irin àti ti àwọn awakọ̀ ojú omi ní agbára láti ṣe èyí láì dúró de ìjọba. Wọ́n ń dá owó fún òkú, wọ́n ń dá owó fún ìyàwó, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá ba iye owó ọjà jẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe gbogbo èyí lè ra ìdí etí lápapọ̀, kí ó sì bu owó ìtanràn díẹ̀ lé ọ̀gá tí a bá bá ọmọṣẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú etí lásán. Ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí ó bá èyí mu. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 3/3, tí àmì rẹ̀ jọ etí méjì, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn fún ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn lọ́dọọdún. Ní 2021, àjọ náà kéde pé ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù 1.5 ni ìgbọ́ràn wọn ti dín kù ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn ní gbogbo ayé. Etí ọmọ kan ní Àgbádárìgì kéré nínú iye náà, ṣùgbọ́n kò kéré lójú ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira, ọ̀gá a máa gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì súre fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn àgbà wí pé etí tí ó bá gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Ó yẹ kí etí tí ó gbọ́ àdéhùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè gbọ́ ìre ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀gá tí ó dá ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọmọ náà kò sì gbọ́ ìre tí à ń sú fún un mọ́, kò tí ì dá a sílẹ̀ tán.